Ojú Ọ̀nà àti Orí Òkè: Ìrìnàjò Àdúrà láti Èjìgbò dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ òkè rí nínú ìtàn ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀nà kan kọ́ ni àwọn ènìyàn gbà dé orí rẹ̀, ìdí kan kọ́ sì ni wọ́n fi gùn ún. Àwọn kan gùn ún nítorí ogun. Àwọn kan gùn ún láti bọ òrìṣà. Àwọn mìíràn, láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ń gùn ún láti gbààwẹ̀ àti láti gbàdúrà ní orúkọ Jésù. Àwọn tí ó gùn ún kẹ́yìn wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó mọ ẹni tí ó ń lọ sí orí òkè. Ìyá wọn lè wà lára wọn. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó mọ bí àṣà náà ṣe bẹ̀rẹ̀.

Èjìgbò dára fún ibi tí ìtàn náà yóò ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé a kì í ka ìlú náà mọ́ àwọn ìlú olókè. Ìlú Òrìṣà Ògìyán ni, orúkọ òrìṣà náà ni ọba wọn sì fi ń joyè. Àwọn Mùsùlùmí, àwọn Kristẹni àti àwọn oníṣẹ̀ṣe jọ ń gbé ibẹ̀. Láti Èjìgbò sí Ìwó tó nǹkan bí kìlómítà 35. Sí Ògbómọ̀ṣọ́, 30. Sí Ẹdẹ, 24. Sí Òṣogbo, nǹkan bí 40. Ará Èjìgbò kò sì bẹ̀rù ọ̀nà jíjìn. Láti ìgbà àwọn baba ńlá wọn ni àwọn ọmọ ìlú náà ti ń rìn lọ sí Àbíjàn ní ilẹ̀ Ivory Coast láti ṣòwò, tí wọ́n ń la ilẹ̀ Benin, Togo àti Ghana kọjá kí wọ́n tó dé ibẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ lọ gbàdúrà lórí òkè láti Èjìgbò, láti Másífà, láti Ọlá tàbí láti Ìláwọ̀, ọkọ̀ ni yóò wọ̀. Ẹrù wọn kò pọ̀: ẹní kan, kẹ́ẹ̀gì omi, Bíbélì, àbẹ́là, àti aṣọ ìbora nítorí òtútù òru. Ẹni tí ó ń wá ọmọ wà nínú ọkọ̀ náà. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá wà níbẹ̀. Ọmọ ilé-ìwé tí ó fẹ́ ṣe ìdánwò wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn kan yóò lo ọjọ́ 3, àwọn kan 7, àwọn kan yóò lo 21, lẹ́yìn náà ni wọn yóò sọ̀ kalẹ̀ padà sí oko, sí ọjà, tàbí sí ẹnu iṣẹ́.

Ta ni ó kọ́ wọn? Àwọn kan ń sọ pé inú Bíbélì ni wọ́n ti rí i, pé àwọn òyìnbó ajíhìnrere ni ó mú un wá. Àwọn mìíràn sọ pé òrìṣà òkè àtijọ́ náà ni, pé aṣọ nìkan ni wọ́n pàrọ̀ fún un. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ìdáhùn méjèèjì, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ìdí tí ó fi jẹ́ pé ọdún 1920 sí 1940 ni àṣà náà gbilẹ̀, tí kò gbilẹ̀ ṣáájú. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí náà gbọ́dọ̀ wo ojú ọ̀nà ọkọ̀ kí ó tó wo orí òkè.

Nígbà tí òkè jẹ́ odi

Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, òkè ni odi tí ó dára jù lọ. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá sá fún ogun ní 1830, abẹ́ Olúmọ ni wọ́n forí pamọ́ sí. Àwọn ará Ìdànrè gbé orí òkè wọn fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìran, pẹ̀lú ààfin, ọjà àti ojúbọ wọn, láàárín àwọn àpáta ńláńlá. Ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Ọ̀ṣun, àárín àwọn òkè Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn àti ti Èkìtì Parapọ̀ ti kojú ara wọn nínú ogun Kírìjí láti 1877. Ìró ìbọn tí ó ń dún láàárín àwọn òkè náà ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà ní 1886, ṣùgbọ́n ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú àgọ́ wọn ká pátápátá.

Ohun tí ó bá gba ènìyàn là, ènìyàn a máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ará Ìbàdàn ń bọ Òkè'Bàdàn. Àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ ní Èkìtì ń bọ Olósùnta. Àwọn òbí tí ó tọrọ ọmọ lọ́wọ́ òkè sọ ọmọ wọn ní Òkèbùnmi àti Òkèwándé. Nígbà tí odindi Bíbélì jáde ní èdè Yorùbá ní 1884, lẹ́yìn iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún tí Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n lò fún Sínáì àti Kámẹ́lì: òkè. Ẹni tí ó ń gbọ́ ìtàn Mósè ní ṣọ́ọ̀ṣì kò nílò àlàyé kankan. Ó ti mọ ohun tí òkè jẹ́, ó sì mọ̀ pé ẹni tí ó wà lókè kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tí ó wà nílẹ̀. Orúkọ Ọlọ́run pàápàá ni Ọba Òkè.

Síbẹ̀, fún ogójì ọdún lẹ́yìn tí Bíbélì náà jáde, orí òkè kò tí ì di ibùdó àdúrà àwọn Kristẹni. Inú ilé ìsìn tí wọ́n kọ́ sí àárín ìlú ni àwọn ìjọ àgbà ti ń jọ́sìn, níbi tí agogo wà, tí ilé-ìwé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọ̀nà ọkọ̀ mú wọn sọ̀ kalẹ̀

Ohun méjì ni ó yí ayé padà: àlàáfíà àti ọ̀nà. Ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, ó sì gba Ìwó àti Ẹdẹ kọjá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀nà ọkọ̀ ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta káàkiri. Kòkó ti di owó, ọkọ̀ akẹ́rù kò sì lè gun òkè lọ kó kòkó. Ìlú tí ó fẹ́ rí ilé-ìwé, ilé ẹjọ́ àti ọjà tuntun ní láti súnmọ́ ojú ọ̀nà. Ní 1923 ni àwọn ará Ìdànrè bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlú àtijọ́ wọn sílẹ̀, tí wọ́n sì tẹ ìlú tuntun dó sí ìsàlẹ̀ òkè.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó ń gbé kòkó lọ ni ó ń gbé àrùn bọ̀. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn influenza jà káàkiri ayé ní 1918, ó bá ọkọ̀ òkun dé Èkó, ó sì bá ọkọ̀ ojú irin wọ ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn ìjọba ti ilé ìsìn pa láti dẹ́kun rẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan kóra jọ láti máa gbàdúrà ìwòsàn. Lára wọn ni J. B. Sadare àti olùkọ́ ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ń jẹ́ Sophia Odunlami. Nígbà tí ó yá, wọ́n ya kúrò nínú ìjọ náà, wọ́n sì bá ìjọ Faith Tabernacle ti Amẹ́ríkà dọ́rẹ̀ẹ́ nípasẹ̀ ìwé. Ẹ̀kọ́ wọn ni pé àdúrà nìkan ni oògùn. Ní Èkó, ní 1925, Moses Orimolade àti Abiodun Akinsowon dá ẹgbẹ́ Séráfù sílẹ̀. Báyìí ni orúkọ Aládúrà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀.

Awakọ̀ ẹ̀rọ tí ń tẹ ọ̀nà

Ẹni tí ó so ọ̀nà àti òkè pọ̀ jù lọ nínú ìtàn yìí, iṣẹ́ ọ̀nà ni ó ń ṣe. Joseph Ayo Babalola ni orúkọ rẹ̀. Ìdílé Odò-Ọwá ní ẹkùn Ìlọ́fà, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara lónìí, ni wọ́n ti bí i ní 1904. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni àwọn òbí rẹ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ó sì di awakọ̀ ẹ̀rọ ńlá tí ń tẹ ọ̀nà lábẹ́ P.W.D., iléeṣẹ́ ìjọba tí ń ṣe ọ̀nà nígbà náà. Ní oṣù October 1928, ó ń ṣiṣẹ́ ní ojú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, nítòsí Ìkejì-Arákejì, nígbà tí ẹ̀rọ náà dákẹ́. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́, ohùn kan pè é pé kí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kí ó lọ wàásù. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lóòótọ́. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní Èkó, ó sì wọ ìjọ Faith Tabernacle.

Ní oṣù July 1930 ni ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oòyè ní Iléṣà. Ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ń wá láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń gbé aláìsàn, wọ́n ń gbé igbá àti ìgò omi wá fún àdúrà. Àwọn tí ó wá láti ọ̀nà jíjìn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní láti la igbó kọjá. Ọ̀nà tí Babalola àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti tẹ̀ ni wọ́n gbà. Ọdún 1930 kì í sì í ṣe ọdún tí ó rọrùn. Iye owó kòkó ti já wálẹ̀ nítorí ọ̀dá owó tí ó mú gbogbo ayé, owó orí sì wà nílẹ̀ láti san. Ẹni tí àrùn kò mú, gbèsè mú un.

Àárín ọdún 7 péré ni ó wà láàárín ìgbà tí àwọn ará Ìdànrè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ àti ìgbà tí Òkè-Oòyè kún. Ọ̀nà ọkọ̀ tí ó mú àwọn ènìyàn kúrò lórí òkè náà ni ó tún gbé wọn padà síbẹ̀. Ogun ni wọ́n ń sá fún tẹ́lẹ̀. Àìsàn, àìríṣẹ́ àti àìrọ́mọbí ni wọ́n ń sá fún báyìí.

Láti Ẹdẹ dé Ẹ̀fọ̀n

Ẹni tí ó bá gbéra láti Èjìgbò lónìí lè fi ọkọ̀ tọ ipasẹ̀ ìtàn yìí ní ọjọ́ kan, bí ọ̀nà bá dára. Ẹdẹ ni yóò kọ́kọ́ dé. Níbẹ̀ ni òkè àdúrà Wòlíì Samson Oladeji Akande ti ìjọ CAC wà, ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Bàbá Abíyè. Orúkọ náà sọ iṣẹ́ rẹ̀: àwọn aboyún ni ó ń tọ̀ ọ́ lọ kí wọ́n lè bí tibi-tire. Ní Ẹdẹ yìí kan náà ni Babalola ti kú ní ọjọ́ 26 oṣù July 1959.

Láti Ẹdẹ, ọ̀nà gba Òṣogbo lọ sí Iléṣà, níbi tí Òkè-Oòyè wà. Lẹ́yìn Iléṣà ni oríta Ìwàràjà, ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín sí méjì. Èyí tí ó lọ sí Àkúrẹ́ ni ọ̀nà tí Babalola ń tẹ̀ ní 1928. Ó gba Ìkejì-Arákejì kọjá, níbi tí yunifásítì tí ìjọ CAC fi orúkọ rẹ̀ sọ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2006. Èkejì ń gun òkè lọ sí Èkìtì, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè sì ni ìlú ńlá tí yóò kọ́kọ́ dé. Ìlú olókè ni Ẹ̀fọ̀n. Àárín àwọn òkè ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí. Nígbà tí Babalola dé ibẹ̀ ní 1930, Aláayè ìgbà náà, Ọba Aladejare Agunsoye, gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì di Kristẹni. Ẹ̀fọ̀n ni Babalola wá fi ṣe ilé; ibẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí.

Àwọn òkè mìíràn wà tí kò sí ní ojú ọ̀nà yìí. Ní Ọ̀tan-Ayégbajú, àwọn Kátólíìkì ń gun Òkè Màríà. Ní Ògèrè ní Rẹ́mọ, ìjọ Church of the Lord tí Josiah Ositelu dá sílẹ̀ ti ń ṣe ọdún Tabieorar ní oṣù August láti 1937. Ìjọ wọn yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni ó fi òkè ṣe ibi ìpàdé pẹ̀lú Ọlọ́run.

Òkè àwọn ẹlòmíràn

Àwọn Yorùbá nìkan kọ́ ni ó gun òkè lọ bá Ọlọ́run. Ní Meteora, ní ilẹ̀ Gíríìsì, àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́-ìsìn ìjọ Orthodox kọ́ ilé wọn sí orí àpáta gíga tí ó dúró ṣánṣán bí òpó, láti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá. Ogun àti ọlọ́ṣà ni wọ́n ń sá fún pẹ̀lú, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Ìdànrè. Àkàsọ̀ àti àwọ̀n tí wọ́n fi okùn fà sókè ni wọ́n fi ń gòkè. Ní àwọn ọdún 1920 ni wọ́n tó gbẹ́ àtẹ̀gùn sára àpáta náà. Ilé 24 ni wọ́n ní tẹ́lẹ̀. 6 ni ó ṣì ń ṣiṣẹ́, ọkọ̀ àwọn arìnrìn-àjò sì ń dé ẹsẹ̀ àpáta wọn lójoojúmọ́. Ní Áfíríkà níhìn-ín, ní Tigray ní Etiópíà, ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́-ìsìn Debre Damo ti wà lórí òkè láti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹfà. Okùn awọ ni àwọn ọkùnrin ń dì mú gòkè títí di òní. Àwọn obìnrin kò gbọdọ̀ gùn ún.

Àfiwé yìí fi ohun tí ó jẹ́ ti Yorùbá hàn. Ajẹ́jẹ̀ẹ́-ìsìn Meteora tàbí Debre Damo gòkè láti fi ayé sílẹ̀. Ó fẹ́ kú síbẹ̀. Ẹni tí ó ti Èjìgbò lọ sí Ẹdẹ gòkè nítorí ayé: nítorí ọmọ, nítorí ìlera, nítorí iṣẹ́. Bí ó bá di ọjọ́ Ajé, yóò wà nídìí igbá rẹ̀ ní ọjà. Àwọn obìnrin tí Debre Damo kò gbà, àwọn gan-an ni òkè Bàbá Abíyè fi jẹ́ òkè Abíyè. Ní èyí, ọmọ ìyá kan náà ni alágbàdúrà yìí àti àwọn tí ó sọ ọmọ wọn ní Òkèbùnmi. Ohun tí wọ́n ń tọrọ kò yí padà. Ẹni tí wọ́n ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó yí padà.

Ohun tí ìtàn gbọ́dọ̀ sọ pọ̀ mọ́ ọn

Kò yẹ kí olùkọ́ ìtàn sọ ìdajì ọ̀rọ̀ fún ọmọ. Nínú ìsọjí 1930, wọ́n sun òrìṣà, ère àti oògùn ní ọ̀pọ̀ ìlú. Àwọn tí ó mú wọn wá ka iná náà sí òmìnira. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọnà àwọn agbẹ́gilére tí kò sí mọ́ wà nínú iná náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó ya àwòrán wọn sílẹ̀. Ẹni tí ó ń yọ̀ nítorí ìsọjí náà àti ẹni tí ó ń ṣọ̀fọ̀ ohun tí ó jóná, ẹ̀rí kan náà ni àwọn méjèèjì dì mú.

Ọ̀rọ̀ oògùn náà wà níbẹ̀. Ilé ìwòsàn Wesley Guild ti wà ní Iléṣà kí ìsọjí tó bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ àwọn Aládúrà kan kọ oògùn òyìnbó àti ti ìbílẹ̀ pa pọ̀. Ìjọba fura sí wọn. Ní 1932, Babalola ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù 6 ní Benin nítorí ìwàásù rẹ̀ lórí àwọn àjẹ́. Àwọn olórí wọn ti ké sí ìjọ Apostolic Church ti Britain, àwọn òyìnbó ajíhìnrere sì dé ní 1931. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí i pé àwọn òyìnbó náà ń lo kuníìnì nítorí ibà, ìjà bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan nínú wọn béèrè pé báwo ni ẹni tí ó ń wàásù ìwòsàn Ọlọ́run ṣe ń fi oògùn pamọ́ sínú àpótí. Ìyapa ni ó gbẹ̀yìn rẹ̀, ìjọ Christ Apostolic Church sì fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní 1943, tí Isaac Akinyele, ẹni tí ó di Olúbàdàn ní 1955, jẹ́ ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́.

Ìbéèrè tí ó pín wọn níyà kò tí ì kúrò nílẹ̀. Ó wà nínú ọkọ̀ tí ó kúrò ní Èjìgbò lánàá. Aboyún tí ó ń lọ sí orí òkè lè ní káàdì ilé ìwòsàn nínú àpò rẹ̀, ó sì lè má ní in. Ẹ̀mí méjì ni ó wà nínú ìpinnu rẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá fi í ṣẹ̀sín kò ní rí i yí lọ́kàn padà, nítorí pé ẹni tí a fi ṣẹ̀sín kì í gbọ́ràn. Ẹni tí ó mọ ìtàn náà dáadáa lè sọ fún un pé ní 1930, nígbà tí dókítà ṣọ̀wọ́n tí oògùn sì wọ́n, ìdí tí àwọn ènìyàn fi gòkè yé ènìyàn. Pé ayé ti yàtọ̀ báyìí, àti pé ẹsẹ̀ kan náà tí ó gun òkè lè wọ ilé ìwòsàn.

Iṣẹ́ kan kù tí ìwé kò lè ṣe. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 10 nígbà tí Babalola kú ti lé ní 70 ọdún báyìí. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ṣì wà ní Èjìgbò, ní Másífà àti ní Ẹdẹ. Wọ́n lè rántí ọkọ̀ tí ó kọ́kọ́ gbé ìyá wọn lọ, iye tí wọ́n san, ohun tí wọ́n tọrọ, àti ohun tí baba wọn sọ nígbà tí wọ́n padà dé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mú bírò àti ìwé lọ jókòó tì wọ́n ní ìsinmi kan ṣoṣo yóò kọ ohun tí kò sí nínú ìwé kankan. Bí kò bá sì lọ, ilẹ̀ ni yóò gba ìtàn náà mọ́ àwọn tí ó ni ín.